Etí Olórí Kíláàsì

Nígbà tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnìkan ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí a máa ń sọ pé a fẹ́ lọ ṣe ni pé a fẹ́ lọ tù ú nínú. Ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí a ń dúró wò dáradára. Inú ni iṣẹ́ ìtùnú wà, inú ènìyàn sì jìn. Ẹni tí ó ni ín nìkan ni ó mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, bí kò bá sì là á sílẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tí ó lè mọ̀ ọ́n. Ó tẹ̀lé e pé ẹni tí yóò tu ni nínú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ń bẹ nínú. Èdè wa kò ṣàìmọ èyí. A máa ń ní kí ènìyàn tẹ́ etí sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún àlejò. Ọ̀rọ̀ ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ni àlejò náà. Bí a kò bá tẹ́ nǹkan fún un, kò ní jókòó.

Àwọn tí wọ́n tú Bíbélì sí èdè Yorùbá, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, mọ agbára ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ fún Ẹ̀mí tí Jésù ṣèlérí nínú Ìhìnrere Jòhánù, Olùtùnú ni wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà nídìí rẹ̀ ń tọ́ka sí ẹni tí a pè wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹni. Ó yẹ kí òǹkàwé ṣàkíyèsí ibi tí ẹni náà wà: ẹ̀gbẹ́ ni ó wà, kò sí lórí àga ìwàásù.

Ohun tí mo fẹ́ jà fún nínú àròkọ yìí ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àwọn ìjọ Kristẹni wa ti ní ipò tí ó yẹ etí, ipò tí a fi sí ọwọ́ ọmọ ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà, ṣùgbọ́n owó àti ẹnu ti gba ipò náà lọ́wọ́ etí. Ọ̀fà ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe pé àwọn ará Ọ̀fà burú ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀fà náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìkirè àti ní Èkó. Ṣùgbọ́n Ọ̀fà ní ohun méjì tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Èkínní ni pé ẹ̀sìn méjèèjì jọ ń gbé inú agbo ilé kan náà níbẹ̀: ẹ̀gbọ́n lè máa kírun, kí àbúrò máa lọ sí ìjọ Onítẹ̀bọmi, kí ìyá wọn sì wọ aṣọ funfun àwọn Kérúbù. Èkejì ni pé ìlú ìjakadì ni gbogbo Yorùbá mọ Ọ̀fà sí, ìjakadì sì ni àpèjúwe tí ó bá bí a ti ń tu ara wa nínú mu jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mo ti bá àwọn ọmọ ìjọ lọ kí opó ní Ọ̀fà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bákan náà ni ó sì máa ń rí. Àwọn ẹgbẹ́ á wọlé pẹ̀lú aṣọ kan náà, wọn á kọ orin, wọn á gbàdúrà. Akọ̀wé á ka lẹ́tà ìbánikẹ́dùn tí a ti tẹ̀, olórí ẹgbẹ́ á gba opó náà níyànjú pé kí ó má bọkàn jẹ́, pé Ọlọ́run kì í ṣàṣìṣe, a ó sì fi àpòòwé lé e lọ́wọ́. Nígbà mìíràn opó náà á gbìyànjú láti sọ nǹkan. Á ní, 'Ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò tilẹ̀ tíì jẹun tán...' Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, ẹnìkan á ti sáré dá a lẹ́kun: 'Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Màmá. Ẹ dúpẹ́ ni o. Ọlọ́run kò ní fi irú rẹ̀ ṣe ọ̀fọ̀ mọ́.' Gbogbo ilé á ní àmín. Kò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a ti padà sójú ọ̀nà. Nínú ìjakadì, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ni a dá. Bí àwọn olùtùnú wa ti ń ṣe sí ìbànújẹ́ nìyẹn: wọ́n fẹ́ gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́. Ìbànújẹ́ kò sì sí nílẹ̀ níbi tí wọ́n rò pé àwọn gbé e ṣán sí. Ó wà nínú opó náà, ó ń dúró kí àlejò lọ.

Èmi kò fi ojú kéré ìkíni wa. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ kú àṣẹ̀yìndè: ènìyàn tí ó dá àwọn ìkíni wọ̀nyí sílẹ̀ mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ní ìpele, pé ohun tí a ń sọ ní ọjọ́ kìíní kọ́ ni a ń sọ lẹ́yìn ìsìnkú. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ẹgbẹ́ àti àpòòwé ní ìwúlò tiwọn. Opó tí kò sí ẹni tí ó wá kí i mọ bí ìyẹn ṣe ń dun ni tó. Ẹnu ọ̀nà ni ìkíni. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé a dúró sí ẹnu ọ̀nà, a sì ń pe ibẹ̀ ní ìyẹ̀wù.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2018, tí ó jẹ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ Àjíǹde gan-an, àwọn adigunjalè ya wọ Ọ̀fà. Wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá àti àwọn báńkì bíi mélòó kan, wọ́n sì pa ènìyàn tí ó lé ní 30, ọlọ́pàá àti ará ìlú. Ọjọ́ Àìkú tí ó ṣáájú rẹ̀ ni àwọn ìjọ ìlú náà ti kọrin pé a ti ṣẹ́gun ikú. Àwọn aláṣẹ wá, àwọn àlùfáà gbàdúrà, ìwé ìròyìn kọ ọ́, ìlú sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀. Ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 kí ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin tó dá ẹjọ́ ikú fún ọkùnrin 5 lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọdún mẹ́fà àti oṣù márùn-ún wà láàárín ọjọ́ méjèèjì. Ìbéèrè mi ni èyí: láàárín ọdún mẹ́fà yẹn, nígbà tí ìwé ìròyìn ti dákẹ́, ta ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa jókòó ti ẹni tí ọkọ rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ kò dé láti ọjà lọ́jọ́ náà? Àlùfáà kan kò lè dá a ṣe. Àlùfáà tí ó ní ọgọ́rùn-ún ìdílé lábẹ́ rẹ̀, tí ó ń ṣe ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìpàdé àti ìwàásù, kò ní wákàtí tí yóò fi gbọ́ ìtàn kan náà nígbà ogún. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sì ní láti sọ ìtàn kan náà nígbà ogún. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ohun tí ó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Bíbélì tí a ń kà kò fi wá sílẹ̀ láìsí àpẹẹrẹ. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́ta gbọ́ ìyọnu tí ó bá a, wọ́n wá láti ibi tí oníkálukú wọn wà, wọ́n sì jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje àti òru méje láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Àwọn oníwàásù wa fẹ́ràn láti bú àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyí, wọ́n sì ń gbàgbé pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ṣe ohun tí ó tọ́. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́, nítorí pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀bi ẹni tí ìyà ń jẹ. Ní ilẹ̀ Jámánì, Dietrich Bonhoeffer, àlùfáà tí ìjọba Hitler pa ní 1945, tẹ ìwé kékeré kan jáde ní 1939 lórí bí àwọn onígbàgbọ́ ṣe ń gbé pọ̀. Ó fi yé wa níbẹ̀ pé gbígbọ́ ni iṣẹ́ ìsìn kìíní tí ọmọ ìjọ jẹ ẹnìkejì rẹ̀ ní gbèsè, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí kò lè gbọ́ ará rẹ̀ mọ́ kò ní pẹ́ tí kò fi ní gbọ́ Ọlọ́run pàápàá.

Báwo ni ipò tí mo ń sọ yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ìtàn rẹ̀ dùn, nítorí pé láti inú owó ni ó ti wá. Ní ọdún 1742, ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbèsè ilé ìsìn wà lọ́rùn àwọn ọmọ ẹ̀yìn John Wesley. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Captain Foy dá a lábàá pé kí oníkálukú máa san pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní àwọn tálákà kò ní rí i san, ó ní kí a kó mọ́kànlá nínú àwọn tí ó tòṣì jù fún òun. Òun yóò máa lọ bá wọn nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí kò bá sì rí i san, òun yóò san án fún un. Bí kíláàsì ènìyàn méjìlá méjìlá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí àwọn olórí kíláàsì ti ń ti ilé dé ilé nítorí pẹ́nì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé. Wesley rí i pé èyí ni òun ti ń wá tipẹ́, ó sì sọ ọ́ di ọ̀pá ìdúró ìjọ rẹ̀. Agbowó di ẹni tí ń béèrè pé báwo ni ọkàn rẹ.

Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, nítorí pé àwọn ará wa tí wọ́n ti Sàró dé ti ránṣẹ́ pè é. Kíláàsì bá àwọn Mẹ́tọ́díìsì wọ ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn Àǹgílíkà náà gbà á lò. Títí di òní, ẹni tí ó bá dàgbà sínú àwọn ìjọ wọ̀nyí mọ olórí kíláàsì. Ṣùgbọ́n kí ni ó mọ̀ ọ́n mọ́? Ìwé àkọsílẹ̀ ni, àti owó kíláàsì. Mo mọ ìjọ tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí olórí kíláàsì ń bá ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá jẹ́ iye tí ó kù sí i lọ́rùn. Bí ọmọ kíláàsì náà bá kú, ìwé yẹn ni a ó kọ́kọ́ ṣí, láti mọ̀ bóyá ìjọ yóò sin ín. Ní Bristol, iṣẹ́ owó yípadà di iṣẹ́ etí. Lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ etí padà sí ibi tí ó ti wá. Ìyàtọ̀ tí ó tún burú ni pé Captain Foy máa ń fi tirẹ̀ dí i fún ẹni tí kò bá ní.

Ohun kan náà ni ó ṣe oyè Ìyá Ìjọ. Oyè yìí kò ti òkèèrè wá. Ìyá agbo ilé ni a mú wọ inú ìjọ. Ìyá tí ó mọ ìyàwó tí ọkọ ń lù, tí ó mọ ẹni tí oyún wálẹ̀ lára rẹ̀ tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, òun ni oyè náà yẹ. Lónìí, ọjọ́ ìwúyè dàbí ọjọ́ ìpàtẹ ọjà. Ẹni tí ó lè ra gẹ̀nẹ̀rétọ̀ fún ìjọ ni a ń wá. Mi ò sọ pé olówó kò lè ní etí. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kò béèrè bóyá ó ní in.

Àwọn Aládùúrà dá nǹkan mìíràn sílẹ̀, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n fún un. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, àwọn ọmọ ìjọ St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọn kì í ṣe àlùfáà, ni wọ́n kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà fún ara wọn. Ní 1925 ni Moses Orímọ́ládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1930 ni ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà sọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá ní ìpínlẹ̀ Kwara òní, di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ohun tí ó fa àwọn ènìyàn lọ sọ́dọ̀ wọn ni pé wọ́n ka ìyọnu ènìyàn sí: àgàn, aláìsàn, ẹni tí àlá búburú ń dà láàmú. Ní àwọn ìjọ àgbà, ìyọnu wọ̀nyí kò ní orúkọ nínú ìwé àdúrà.

Ṣùgbọ́n àṣà kan wọlé níbẹ̀ tí ó ti wá gbilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ìjọ. Ìgbàgbọ́ wa ni pé ẹni tí ó bá ní ẹ̀mí Ọlọ́run kò níláti bi wá ní ohun tí ó ṣe wá. Òun ni yóò sọ ọ́ fún wa. Bí woṣẹ́woṣẹ́ ṣe ń ṣe náà ni. Èyí kò ṣàìjọ ohun tí àwọn bàbá wa mọ̀. Àwọn tí wọ́n ti kọ̀wé lórí Ifá, bíi William Bascom àti Wándé Abímbọ́lá, ti fi hàn pé ẹni tí ó wá dá Ifá kì í sọ ẹjọ́ rẹ̀ fún babaláwo; ó máa ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó. Babaláwo á máa ki ẹsẹ Ifá, oníbèéèrè á sì máa tẹ́tí títí yóò fi gbọ́ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáradára: níhìn-ín, ẹni tí ó wá ni ó ń mọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀, babaláwo sì ní láti dúró de ẹnu rẹ̀. Wòlíì òde òní kì í dúró de ẹnu ẹnikẹ́ni. Ó ti rí ìran kí o tó jókòó, ó ti mọ àǹtí tí ó ń ṣe ọ́. O lè jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ààwẹ̀ méje àti ọ̀tá tuntun kan nínú ìdílé, láìjẹ́ pé o ti parí gbólóhùn kan.

Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu pé àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa tí ń gbé òkè òkun ń sọ fún wa nípa ètò tí wọ́n bá níbẹ̀. Èyí tí ó lókìkí jù ni Stephen Ministry, tí Kenneth Haugk, pásítọ̀ ìjọ Lútérà tí ó tún jẹ́ onímọ̀ nípa ìṣesí ọkàn, dá sílẹ̀ ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà ní 1975. Ọmọ ìjọ lásán ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi nǹkan bí 50 wákàtí kọ́ ọ ní bí a ṣe ń gbọ́, wọ́n á sì fi ẹnìkan ṣoṣo lé e lọ́wọ́, obìnrin fún obìnrin, ọkùnrin fún ọkùnrin. Wákàtí bíi kan ni wọn máa ń bá ara wọn jókòó lọ́sẹ̀, ohun tí a bá sì sọ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Wọ́n ń tẹnu mọ́ ọn fún un pé ìtọ́jú ni iṣẹ́ rẹ̀, ìwòsàn jẹ́ ti Ọlọ́run. Orúkọ tí wọ́n mú náà nítumọ̀. Sítéfánù wà lára àwọn méje tí a yàn nínú ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, nígbà tí àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì ń kùn pé a gbàgbé àwọn opó wọn níbi ìpín ojoojúmọ́. Ipò àkọ́kọ́ tí ìjọ dá sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe àpọ́sítélì jáde láti inú pé a gbọ́ kíkùn nítorí opó.

Mo gba 50 wákàtí yẹn tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ń sọ fún wa pé gbígbọ́ jẹ́ iṣẹ́ tí a ń kọ́, bí a ti ń kọ́ aṣọ híhun. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ètò náà wá sí Ọ̀fà bí ó ti rí, yóò fi ẹsẹ̀ kọ ní ẹnu ọ̀nà. Ní agbo ilé, ìyẹ̀wù tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kò dárúkọ nǹkan rere. Bí obìnrin kan láti ìjọ bá ń wọlé tọ opó lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ á béèrè pé ogún ni wọ́n ń pín ni. Bí ìyàwó ilé náà bá sì jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n á ní a wá yí i lẹ́sìn padà. Ètò tí ó rò pé oníkálukú dá wà kò lè bá ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti dá wà lò láìyípadà.

Orílẹ̀-èdè Zimbabwe fún wa ní àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù. Ní Harare, láti 2006, oníṣègùn ọpọlọ kan tí ń jẹ́ Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá àgbà ní bí a ṣe ń gbọ́ ìṣòro ènìyàn. Orí àga onígi, ní gbangba, nítòsí ilé ìwòsàn ni wọ́n ń jókòó. Èdè Shona ni wọ́n ń sọ, wọn kò sì lo orúkọ òyìnbó fún àìsàn náà; ọ̀rọ̀ tiwọn fún ríronú jù ni wọ́n ń lò. Ìwádìí tí a ṣe pẹ̀lú ènìyàn 573, tí a tẹ̀ jáde ní 2016, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí wọ́n bá ìyá àgbà jókòó fúyẹ́ ju ti àwọn tí a tọ́jú lọ́nà àtijọ́ lọ. Gbangba ni wọ́n wà, ọ̀rọ̀ wọn sì wà ní ìpamọ́: ojú ń rí wọn, etí kò gbọ́ wọn. Ọ̀fà ní abẹ́ igi tó bẹ́ẹ̀, ó sì ní ìyá àgbà.

Ohun tí yóò le jù fún wa láti kọ́ ni ìyàtọ̀ láàárín gbígbọ́ ẹjọ́ àti gbígbọ́ ẹ̀dùn. Etí Yorùbá jẹ́ etí tí a ti fi kọ́ ẹjọ́. A mọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni; nítorí náà bí obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, a ti ń wá ẹnìkejì tí a ó pè, kí a lè dá a fún ẹni tí ó jàre. Òwe náà dára ní ojúde baálẹ̀. Kò wúlò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ń sunkún, nítorí pé ẹ̀dùn kò ní ẹnìkejì. Kò sí ohun tí a ó dá níbẹ̀. Olórí kíláàsì àtijọ́ pàápàá kò bọ́ nínú èyí, nítorí Wesley fẹ́ kí ó máa ṣọ́ ìwà wọn pẹ̀lú. Ẹni tí ó mọ̀ pé a ń ṣọ́ òun kò ní tú inú rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá mọ̀ pé ohun tí òun sọ ní Ọjọ́rú yóò di ẹṣin ọ̀rọ̀ ìwàásù ní ọjọ́ Àìkú, láìdárúkọ, ṣùgbọ́n tí gbogbo ìjọ mọ ẹni náà.

Nǹkan díẹ̀ ni mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjọ Ọ̀fà, àti ti ìlú mìíràn. Kí wọ́n yọ owó kúrò lọ́wọ́ olórí kíláàsì; ẹgbẹ́ akápò wà, kí wọ́n gbà á. Kí wọ́n yan olórí kíláàsì láti inú àwọn tí ìrírí ti kọ́ ní sùúrù, kí ọkùnrin wà níbẹ̀ fún ọkùnrin, nítorí ọkùnrin wa tí a ní kí ó má sunkún kò ní ibi kankan tí ó ń gbé ẹrù tirẹ̀ sí. Kí wọ́n kọ́ wọn, kí wọ́n sì kọ́ wọn ní ibi tí iṣẹ́ wọn parí sí: ẹni tí ó bá ń sọ pé òun fẹ́ gba ẹ̀mí ara òun, ẹni tí ó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ilé ìwòsàn ni ó yẹ, kí olórí kíláàsì sì bá a dé ibẹ̀. Kí ìbẹ̀wò má parí ní ogójì ọjọ́, nítorí ìgbà tí ogójì ọjọ́ bá kọjá tí ilé dá ni ọ̀fọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ bá sì jẹ́ Mùsùlùmí inú agbo ilé kan náà, kí a gbọ́ ọ láìfi ìwé kékeré ìhìnrere há a lọ́wọ́ bí a ti ń jáde.

Mo mọ ohun tí àwọn alàgbà ìjọ yóò sọ: bí olórí kíláàsì kò bá gba owó mọ́, kí ni yóò máa kọ sínú ìwé rẹ̀? Kí ó kọ ọjọ́ tí ó lọ, kí ó sì kọ bí ó ti pẹ́ tó níbẹ̀. Ohun tí ó gbọ́ ni kó má kọ.